Bí ẹ ṣe lè ka ìdí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi wúrà bò, kí ẹ tó fi kànrìnkànrìn kàn án

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ọmọ yín bá kó abọ́, ṣíbí tàbí ife tó ń dán bíi wúrà ti ìlú Òyìnbó dé, ẹ má tíì gbé e lọ síbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é àti ẹni tó rọ ọ́. Bí orí bá ṣe é, ẹ ó rí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ kó tó kà á lè fọ gbogbo ìyẹn dànù.

Mo ṣiṣẹ́ pẹ́ nínú yàrá fàdákà ilé gbàǹjo kan ní London kí n tó padà wálé sí Kàbà. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ẹrù wọlé, kí n wọ̀n ọ́n, kí n ka òǹtẹ̀ ara rẹ̀, kí n sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tó ń dùn mí báyìí ni pé irú ẹrù tí à ń fi ìbọ̀wọ́ gbé lọ́hùn-ún ni mò ń bá ní ilé ìdáná níhìn-ín, tí wọ́n ti fi eérú àti iyanrìn bó lára, tàbí tí wọ́n ti tà fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ḿ. Àwọn ọmọ wa ń rà á lọ́jà àlòkù ọjọ́ Àìkú nílùú Òyìnbó, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà, wọn kì í sì í sọ fún ìyá wọn pé kí ló wà nínú páálí náà, torí àwọn fúnra wọn kò mọ̀.

Fàdákà ni abọ́ náà látòkè délẹ̀, wúrà tó wà lórí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ púpọ̀. Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ á po wúrà mọ́ mákúrì títí yóò fi rọ̀, á fi pa fàdákà lára, á wá yá a níná. Mákúrì á di èéfín lọ, wúrà á sì lẹ̀ pinpin. Èéfín yẹn ṣe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà níbi: ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, eyín wọn á máa yọ. Ní 1840, àwọn Elkington ní Birmingham gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo iná mànàmáná láti lẹ wúrà àti fàdákà mọ́ irin mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni ti mákúrì sì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin ará Yàgbà, pàápàá àwọn tó wà ní ìhà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, mo bẹ̀ yín: bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè fi mákúrì tún wúrà ara abọ́ yín ṣe lẹ́yìnkùlé, ẹ má gbà fún un. Májèlé ni.

Kì í ṣe torí ẹwà nìkan ni wọ́n ṣe ń fi wúrà bò ó. Iyọ̀ ń jẹ fàdákà. Èso kíkan ń bà á láwọ̀ jẹ́. Imí ọjọ́ inú ẹyin ń sọ ọ́ dúdú. Wúrà kò gbọ́ ti gbogbo ìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí abọ́ iyọ̀ tó jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ló ní wúrà, àti ṣíbí ẹyin tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n bò. Àwọn abọ́ èso tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn oúnjẹ nílé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n sábà máa ń fi wúrà bò pátápátá, nítorí kíkan èso, àti nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn àlejò máa ń ráyè wo tábìlì dáadáa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kà á. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, torí òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ nínú. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó, pẹ̀lú awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Bí kò bá sí awò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe ti òkè wá, nítorí òjìji ló ń gbé òǹtẹ̀ jáde.

Ẹ kọ́kọ́ wá kìnnìún. Kìnnìún kékeré tó ń rìn lọ sápá òsì, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ni wọ́n ti ń lù sára fàdákà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1544. Ohun tó ń sọ ni pé nínú ìdá 1,000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà gidi. Bó bá jẹ́ obìnrin tó jókòó ti asà ni ẹ rí dípò kìnnìún, Britannia nìyẹn, fàdákà tirẹ̀ sì lé ní ìdá 958. Láti 1697 títí di 1720, òfin kò gbà kí wọ́n fi èyí tó kéré sí ìyẹn ṣe abọ́. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń yọ́ owó fàdákà ìlú ṣe àwo, owó sì ń wọ́n lọ́jà. Ìjọba wá sọ pé kí fàdákà àwo dára ju ti owó lọ, kó má baà rọrùn láti sọ owó di àwo mọ́. Lẹ́yìn 1720, ẹni tó bá wù ú ló ń lo Britannia.

Òǹtẹ̀ ìlú ló kàn. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London, ó ní adé lórí títí di 1821, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí adé náà. Ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Adé ni ti Sheffield, ọdún 1773 sì ni ìlú méjèèjì gba àṣẹ láti máa dán fàdákà wò fúnra wọn. Bí ti Sheffield bá jẹ́ òdòdó róòsì, nǹkan tuntun ni, láti 1975 síwájú. Ilé olódi ni ti Edinburgh ní Scotland.

Lẹ́tà kan máa ń wà níbẹ̀, òun ló ń sọ ọdún. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Títí di 1974, London ń lo lẹ́tà 20, láti A dé U, wọ́n ń fo J. Bí wọ́n bá dé U, wọ́n á yí ìrísí lẹ́tà àti ìrísí asà tó yí i ká padà, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Nítorí náà, P kan lè jẹ́ 1810, P mìíràn lè jẹ́ ọdún tó jìnnà sí i pátápátá. Ìlú kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀ nígbà náà, ẹ má fi àtẹ lẹ́tà London ka ti Birmingham. Kò sí ẹni tó há gbogbo rẹ̀ sórí. Ní ilé gbàǹjo, ìwé pélébé kan wà lápò gbogbo wa tí à ń yọ wò, àwọn àtẹ lẹ́tà náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ìrísí asà wé asà, ẹ fi ìrísí lẹ́tà wé lẹ́tà. Bí orí ọba tàbí orí ọbabìnrin bá wà nínú òǹtẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iṣẹ́ yín ti rọrùn: owó orí ni wọ́n san lórí abọ́ náà, àárín 1784 sí 1890 nìkan ni wọ́n sì fi lù ú bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù ni lẹ́tà orúkọ alágbẹ̀dẹ. Bí ẹ bá rí P.S lára fàdákà London láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkàndínlógún, ọkàn yín lè fò, torí Paul Storr ni ó lè jẹ́, ẹni tó kú ní 1844, tó sì rọ ohun púpọ̀ fún Rundell, Bridge & Rundell tí í ṣe oníwúrà ọba. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì lásán kò tó fi búra. Àwọn onírọ́ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ tó kù bá ọdún rẹ̀ mu, kí ẹ sì wo iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ fi sọ́kàn pé kò sí òǹtẹ̀ kankan tó ń jẹ́rìí sí wúrà orí rẹ̀. Fàdákà nìkan ni òǹtẹ̀ ń jẹ́rìí sí. Ibi tí wúrà bá ti ṣá ni ẹ ó ti mọ òótọ́: ẹ wo ètí abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ẹnu ṣíbí. Bí ohun tó yọ lábẹ́ bá funfun, ara fàdákà ni, tí òǹtẹ̀ bá ti gbè é. Bó bá pọ́n bíi bàbà, tàbí tó ní àwọ̀ ewé nínú kọ̀rọ̀, kì í ṣe fàdákà. Bí ẹ bá rí E, P, N, S tí wọ́n tò sínú àpótí kéékèèké mẹ́rin, ó lè jọ òǹtẹ̀, àmọ́ irin ni wọ́n fi fàdákà lẹ̀. Ohun tí wọ́n sì kọ “nickel silver” sí lára kò ní fàdákà kankan nínú. Ẹ máa fi jẹun láìbẹ̀rù, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má san owó fàdákà lé e.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ wá ẹni tó ni ín. Àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fín àmì ìdílé wọn sára abọ́: orí ẹyẹ, ọwọ́ tó mú idà, ẹranko, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Adé tó bá wà lórí àmì náà ló ń sọ ipò. Àwa tí a mọ ohun tí aṣọ ìpò Bùnú jẹ́, pé kì í ṣe òkú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fi bò, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ipò tó ga jù: adé Duke ní ewé strawberry mẹ́jọ, márùn-ún ló ń hàn nínú àwòrán. Ti Marquess jẹ́ ewé mẹ́rin àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin, ewé mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù méjì ni ẹ ó rí. Ti Earl ní bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tó dúró lórí ọ̀pá gíga, ewé kéékèèké sì wà láàárín wọn, márùn-ún nínú bọ́ọ̀lù náà ló ń hàn. Ti Viscount ní bọ́ọ̀lù 16 tó tò ṣú-ṣù-ṣú láìsí ọ̀pá, méje tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń yà. Baron ní mẹ́fà, mẹ́rin ló ń hàn. Lugard, tó fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà nítòsí wa níhìn-ín ní 1 January 1900, di Baron ní 1928; adé olóbọ́ọ̀lù mẹ́fà yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí láti ọjọ́ náà. Bí àmì ìdílé bá wà nínú ìrísí dáyámọ́ǹdì dípò asà, obìnrin ló ni ín, opó tàbí ẹni tí kò lọ́kọ. Bí bẹ́líìtì onídè tí wọ́n kọ “Honi soit qui mal y pense” sí bá yí i ká, ẹgbẹ́ Garter, ẹgbẹ́ ọlọ́lá ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni olówó rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá rí àmì ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ rọra. Kì í ṣe dandan kó ti orí tábìlì ọba wá. Nígbà kan, aṣojú ọba tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè máa ń gba fàdákà láti ilé ìṣúra ọba kó lè fi gba àlejò bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì dá a padà.

Ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, mo bá màmá kan tí wọ́n ti po eérú mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ike. Ìnáwó òkú ọkọ wọn ni wọ́n ń múra sí, ọmọ wọn obìnrin sì ti fi abọ́ iyọ̀ méjì ránṣẹ́ láti Manchester. “Idẹ yìí ò níí dójú tì mí lọ́jọ́ náà,” ni wọ́n wí. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n wo ìdí rẹ̀ ná.” Kìnnìún wà níbẹ̀, àmọ̀tẹ́kùn aládé wà níbẹ̀, P ńlá, orí ọba George Kẹta. Àárín 1810 sí 1811 ni, ní London. Inú rẹ̀ jẹ́ wúrà, òde rẹ̀ jẹ́ fàdákà tó ti dúdú, mi ò sì rí àmì kankan lára rẹ̀. Mo wá mí sí i lára. Ẹ ṣe èyí nílé: ẹ gbé abọ́ náà súnmọ́ ẹnu kí ẹ mí hàà sí i, bí ẹni ń nu awò ojú. Bí èémí náà ṣe ń gbẹ, ibi tí wọ́n ti fín nǹkan rí, tàbí tí wọ́n ti fi òjé jó o pọ̀, yóò yàtọ̀ sí ara tó kù. Lára abọ́ màmá yìí, orí ẹyẹ kan yọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, adé kékeré wà lókè rẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Màmá tẹjú mọ́ ọn. “Ta ló ni ín?” “Ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan ni, Màmá. Baron ni wọ́n ń pè wọ́n.” A kò mọ Baron wo, torí orí ẹyẹ pọ̀ láàárín àwọn ìdílé wọn, àmì tó sì ti pá bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi wá orúkọ. Àmọ́ màmá fúnra wọn ló da eérú náà nù.

Kí ló lè gbé abọ́ Baron dé ọjà àlòkù? Báńkì ni fàdákà jẹ́ fún àwọn ìdílé náà. Bí ogun dé, wọ́n á yọ́ ọ. Bí ọba Charles Kìíní ṣe gba fàdákà àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Oxford nìyẹn nígbà ogun abẹ́lé wọn láti fi rọ owó fún àwọn ọmọ ogun. Bí àṣà bá yí padà, wọ́n á kó ti bàbá wọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó fi rọ tuntun. Ìdí nìyí tí èyí tó ti pẹ́ gan-an fi ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan kó tiwọn jọ láìyọ́ ọ: ọmọ ọba tó padà di George Kẹrin fẹ́ràn wúrà débi pé àwo orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ Rundell lé ní 4,000, wọ́n sì ń gbé e jáde fún àsè ìjọba títí di òní. Àwọn ìjòyè tó kù kò rí ti ọba ṣe. Òfin 1882 gbà kí wọ́n ta ẹrù ìdílé bí ilé ẹjọ́ bá fọwọ́ sí i. Ní 1894 ni owó orí lórí ogún òkú wá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, gbàǹjo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tó rà á kì í fẹ́ àmì ìdílé ẹlòmíràn lára abọ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n ha á kúrò. Ibi tí wọ́n bá ti ha á máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò rọra tẹ̀ ẹ́, bó bá ń rọ̀ wọlé, wọ́n ti ha nǹkan kúrò níbẹ̀.

Ẹ tún wá nọ́ńbà tí wọ́n fi ìmú abẹ́rẹ́ kọ sí ìdí rẹ̀, tó rí wúruwùru. Ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Ká ní wọ́n kọ 24=10, áńsì troy 24 àti pennyweight 10 ni wọ́n ní lọ́kàn. Áńsì troy kan jẹ́ gíráàmù 31.1, 20 pennyweight ló sì wà nínú áńsì kan, nítorí náà 24.5 ni, ó sì tó nǹkan bíi gíráàmù 762. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ 750, fífọ̀ àti nínù láti ọdún gbọọrọ ló jẹ ìyókù, kò burú. Bó bá jẹ́ 640, wọ́n ti gé nǹkan kúrò, ìdérí tàbí ọwọ́ rẹ̀ kan ti sọnù. Bó bá ju 762 lọ, ẹnìkan ti jó nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Fífọ̀ rẹ̀ kò gba wàhálà. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ abọ́ díẹ̀ tí kò ní ọsàn nínú, òwú tàbí aṣọ rírọ̀, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó parí. Ẹ má fi eérú, iyanrìn, kànrìnkànrìn, ọṣẹ ìfọyín tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ súnmọ́ ọn, ẹ má sì fi ìpara tí wọ́n fi ń nu fàdákà kàn án, torí gbogbo ìpara bẹ́ẹ̀ ń ha nǹkan kúrò, wúrà ló sì wà lókè tó máa kọ́kọ́ lọ. Bí òde abọ́ bá jẹ́ fàdákà lásán bíi ti màmá yẹn, aṣọ tí wọ́n ṣe fún nínu fàdákà dára fún òde nìkan, kó má kan inú. Ẹ má rẹ ọ̀bẹ olórí fàdákà sínú omi gbígbóná: oje ni wọ́n fi kún inú ọwọ́ rẹ̀, ooru á yọ́ oje náà, irin rẹ̀ á sì yọ.

Ní ti lílò, ẹ lò ó. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n tì í mọ́ àpótí títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ da iyọ̀ inú rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ibi tí wúrà bá ti lu ihò bíńtín ni iyọ̀ máa ń gbà dé ara fàdákà. Fún títọ́jú rẹ̀, aṣọ funfun olówùú tí ẹ ti fọ̀ láìfi sítáàṣì sí i ló dára jù. Kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í ṣe aṣọ onírun àgùntàn. Ẹ má gbé e sí yàrá tí èéfín sítóòfù kẹrosíìnì ń wọ̀, ẹ má sì gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tútù nígbà òjò.

Bí ọ̀ràn bá sì dé tó jẹ́ pé títà ni yóò yanjú rẹ̀, ẹ má gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni kí ẹ tó ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò odindi abọ́ náà, gbogbo òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò kan tó mọ́, àmì ìdílé rẹ̀, àti ibi tí wúrà ti ṣá. Ohun tí ilé gbàǹjo kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, ẹ fi 0.925 sọ ọ́ di púpọ̀. Gíráàmù 762 yóò di bíi 705 fàdákà gidi. Ẹ wo iye tí gíráàmù fàdákà kan ń lọ lágbàáyé lọ́jọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sọ 705 di púpọ̀. Wúrà orí rẹ̀ kò lè fi nǹkan gidi kún un bí wọ́n bá yọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn rú yín lójú. Iye tí ẹ bá rí yẹn ni owó ìwọ̀n rẹ̀ lásán, kí a tó ka alágbẹ̀dẹ, ọdún àti àmì ìdílé mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi iye tó kéré sí i lọ̀ yín ń rà á bíi kọ́ńdẹ́ḿ, ẹ gba abọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.